Ohùn Àjọkẹ́ Tó Kù Sórí Òpó

Olóríkunkun ni Àjọkẹ́, ìyá Fawziyyah, orí kunkun náà ló sì jẹ ẹ́ ní ohùn. Kò sí ẹni tó lè kọ́ ọ ní nǹkan. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá lè pariwo ju òun lọ kò lè gbọ́n ju òun lọ.

Òkìrìkà aṣọ ọmọdé ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ní Òṣòdì, ohùn ló sì fi ń tà á. Bó bá ní, "Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà," ẹni tó ti kọjá á padà. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ kì í ríbi polówó ọjà tiwọn. Ó máa ń sọ fún wọn pé adìẹ tí òtútù mú ni wọ́n.

Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ó kọ́kọ́ ń há láàárọ̀ nìkan, ó wá ń há tọ̀sán tòru. Sherifdeen, ládàánì mọ́sáláṣí kan ní Apákun, ló mú un lọ sí ọsibítù lọ́nà Ìsọlọ̀, nítorí ohùn tirẹ̀ náà ti há, ó sì ń gba ìtọ́jú níbẹ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ wo ọ̀nà ọ̀fun Àjọkẹ́, ó ní kókó kéékèèké ti hù síbi tí ohùn ti ń jáde. Ó ní kó lọ rí Àǹtí Olúyínká, obìnrin tó ń kọ́ àwọn tí ohùn wọn bàjẹ́ bí wọ́n ṣe máa tún un lò.

Àǹtí Olúyínká gbé ife omi síwájú rẹ̀, ó ki sítúrọ́ọ̀ bọ̀ ọ́. Ó ní kó máa fẹ́ atẹ́gùn sínú omi náà, kó máa kùn bí oyin, kí èémí máa ti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Ó ní kó má pariwo rárá fún ìgbà díẹ̀, kó máa mu omi dáadáa, kó má sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, nítorí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà ń ni ọ̀fun lára. Àjọkẹ́ béèrè ìgbà tí wọ́n máa gún òun lábẹ́rẹ́.

"Kò sí abẹ́rẹ́ nínú tiyín, Ìyá Fawziyyah. Èyí tí ẹ ń ṣe yìí gan-an ni ìwòsàn."

"Àǹtí, ṣé ẹ rí mi bí ọmọ jéléósinmi ni? Omi tí ọmọ mi fi ń ṣeré nílé lẹ ní kí n wá máa fẹ́ ní ọsibítù."

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Àjọkẹ́ ò padà síbẹ̀ mọ́. Ó ní kí oníkẹ́mísí gún òun lábẹ́rẹ́, ó ń jẹ orógbó mọ́ ataare, ó sì ń pariwo lọ. Sherifdeen ní tirẹ̀ fi pípe ìrun sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ó ń kùn sínú ife rẹ̀ láràárọ̀. Àjọkẹ́ sọ ọ́ ní Ládàánì Inú Ife. Ọkùnrin náà ń kùn lọ ní tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ padà, ó sì tún ń pe ìrun.

Lọ́jọ́ kan tí Àjọkẹ́ ń bá oníbàárà jà, nǹkan já ní ọ̀fun rẹ̀ bí òwú. Ó tutọ́, ó rí ẹ̀jẹ̀. Láti ìgbà náà, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Síbẹ̀, kò lọ sí ọsibítù. Ó ní mẹ́gáfóònù kan tó ti gba ohùn ara rẹ̀ sí ṣáájú Iléyá, kí ohùn náà tó há, bí àwọn ọlọ́jà ṣe máa ń ṣe. Ó so ó mọ́ òpó, ó tàn án. "Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀, ọ̀dọ̀ mi ló wà." Ohùn náà mọ́ gaara. Àwọn oníbàárà á dé, wọ́n á kọjú sí òpó kí wọ́n tó rí obìnrin tó jókòó sábẹ́ rẹ̀, tó pa ẹnu dé, tó ń gbọ́ ara rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí ọjà bá ti tú, ohùn náà á ṣì máa pe ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Morọ́lá, tó ń ta ìkòkò ní òdìkejì ojú irin, bẹ̀ ẹ́ pé kó pa á. Ó ní bí òun bá ti ń gbọ́ ọ, ńṣe ni orí òun ń wú. Àjọkẹ́ kàn mi orí. Ọ̀dọ̀ Morọ́lá yìí ni Fawziyyah, ọmọ ọdún mẹ́ta, máa ń wà lójoojúmọ́. Ọmọ náà ò gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nílé mọ́. Orí òpó nìkan ló ti ń gbọ́ ọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Morọ́lá kọ ẹ̀yìn láti kó ìkòkò fún oníbàárà. Fawziyyah yọ́ kúrò níbẹ̀, ó kọrí sí ojú irin. Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ ń wo òpó. Ọkọ̀ ojú irin sì ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìkẹjà. Àjọkẹ́ dìde, ó la ẹnu. Afẹ́fẹ́ jáde. Ó tún là á, afẹ́fẹ́ náà ló jáde. Ó sáré, àmọ́ ó jìnnà. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn òun fúnra rẹ̀ ń wí pé, "Máa bọ̀, ọmọ mi, máa bọ̀." Ọmọ náà sì ń bọ̀.

Sherifdeen ló ń kọjá lọ. Ó fa èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó ní, "Fawziyyah, dúró síbẹ̀." Gbogbo ọjà gbọ́. Ọmọ náà dúró. Ọkọ̀ gba àárín ìyá àtọmọ kọjá, Àjọkẹ́ ò sì mọ̀ bóyá òun ṣì lọ́mọ, títí ìrù ọkọ̀ náà fi lọ tán.

Ọmọ náà wà láàyè. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, ó ń dún bí ewé gbígbẹ tí ẹ̀fúùfù ń wọ́ nílẹ̀. Fawziyyah tì í dànù.

"Ìwọ kọ́," ó ní. Ó nawọ́ sí òpó. "Màámi nìyẹn."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Àjọkẹ́ padà lọ bá Àǹtí Olúyínká, kò sì béèrè abẹ́rẹ́ mọ́. Wọ́n sọ fún un pé ojú ọgbẹ́ ọ̀fun rẹ̀ ti di àpá. Bó bá forí tì í, ohùn díẹ̀ tó lè fi tọrọ omi lè padà, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń tajà ti lọ nìyẹn. Ó padà sọ́jà, ó tú mẹ́gáfóònù náà kúrò lára òpó, ó fọ́ ọ túútúú. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ ti ń bi í léèrè ibi tí ìyá òun lọ.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ò fara sin. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há tí kò lọ bọ̀rọ̀, kó gba ọsibítù lọ. Bí wọ́n bá ní kó kùn, kó kùn. Bí wọ́n bá ní kó dákẹ́, kó dákẹ́. Kì í ṣe gbogbo ìwòsàn ló ń dunni, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni à ń gbé mì. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọ̀fun jẹun, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin oníwàásù, ẹ̀yin tíṣà, ẹ má fi ohun tí wọ́n bá kọ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ó rọrùn. Olóríkunkun kì í dá ìyà jẹ. Ọmọ rẹ̀ á bá a jẹ níbẹ̀.