Àwo Àkọ́kọ́

"Kì í ṣe èyí náà." Ìgbà kẹrin nìyẹn tí màmá àgbàlagbà kan máa mirí.

Inú ti ń bí ọkùnrin tó ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì fáwọn oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ládùúgbò Post Office. Lọ́dún 1991 yìí, òun ló ní àwo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ti béèrè wọn gbẹ̀yìn.

"Mọ́mì, àwo kẹrin yìí ló sọ wọ́n di olókìkí! Ìgbà tí onílù wọn lọ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi dùùrù tu èèyàn lára."

"N ò fẹ́ ìtura. Èyí tó ń pariwo nígbà tí mo ń kọjá lánàá ni mo fẹ́."

Ó fi ìbínú gbé àwo àkọ́kọ́ sórí ẹ̀rọ. Gìtá bú ramúramù, ìlù sì mi fèrèsé jìgìjìgì.

"Òun nìyẹn!"

"Ẹ̀yin náà fẹ́ràn rọ́ọ̀kì?"

"Èmi kẹ̀? Ó ń fọ́ mi lórí. Ọkọ mi ni. Àìsàn ti di í létí láti ọdún méjì. Lánàá, bá a ṣe ń kọjá, ó fara ti ògiri rẹ, ló bá ń jó. Ó ní òun ń gbọ́ ìlù."

Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì kún, ọkùnrin náà fi í sápò, ó tú wáyà sípíkà tó tóbi jù, ó sì gbé e lé èjìká.

"Mọ́mì, ẹ máa mú mi lọ sílé yín."