Ìdajì Àgbàdo Òkété

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà sẹ́nu ihò Òkété.

Ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ ni gbogbo ẹranko máa ń gbin àgbàdo wọn tán pátápátá. Wọ́n ní ẹni tó bá ṣẹ́ irúgbìn kù sílé, òjò ló fojú di. Ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ yí padà. Ọdún méjì gbáko ni àkọ́rọ̀ fi tàn wọ́n: á rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, oòrùn á sì jó èhù pa.

Lọ́dún kẹta, Òkété gbin ìdajì, ó fi ìdajì pamọ́ sínú ihò rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ aláròyé rí i, ó sáré sọ fún Erin, ọba wọn.

Erin jágbe: "Òkété, ṣé o fẹ́ kí òjò bá wa jà ni?"

Òkété dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, n kò bú òjò. Òjò ni kò mọ ìgbà tirẹ̀ mọ́."

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀dá dé, gbogbo èhù kú. Nígbà tí òjò gidi wá rọ̀, kò sẹ́ni tó ní hóró kan mọ́ àfi Òkété. Òkété bá pín tirẹ̀ kárí. Wọ́n gbìn ín, ó yọ ọmọ, wọ́n sì ń kọrin:

Àkọ́rọ̀ tàn wá jẹ o,
Òkété, a dúpẹ́!
Ihò rẹ ló gbà wá o,
Òkété, a dúpẹ́!

Lọ́jọ́ ìkórè, Erin fúnra rẹ̀ gbé apẹ̀rẹ̀ àgbàdo wá dúpẹ́. Òkété wò ó, kò ju ìdajì lọ.

"Kábíyèsí, ìdajì yòókù ńkọ́?"

Erin ní, "Ó wà lókè ààrò mi, èéfín ń fín in de ọdún tó ń bọ̀."

Òkété rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti dúpẹ́ tán, Kábíyèsí."

Ẹ̀gbẹ́ àgbàdo yẹn ni mo so àlọ́ mi rọ̀ sí.