Ìyálé Tó Fi Pọ́íǹtì Bàálù Du Àga Iwájú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já ìtàn yìí sílẹ̀ ní àárín. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ìyàwó àbúrò ọkọ yín, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ yí ọkàn padà.

1.
Adébùkọ́lá àti Rẹ̀míláyọ̀ jọ ń gbé ọgbà kan náà ní Ajah. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ọkọ wọn. Adébùkọ́lá ló kọ́kọ́ wọlé, nítorí náà òun ni ìyálé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí nílé wa: ìyálé ló ń kọ́kọ́ jókòó, òun ló ń kọ́kọ́ mú ẹran, òun náà ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Rẹ̀míláyọ̀ kò bá a du ọ̀kankan nínú rẹ̀.

Adébùkọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Igbó Ẹfọ̀n, wọ́n sì máa ń rán an lọ sí Àbújá. Rẹ̀míláyọ̀ ń rán kọ́tìnì fún àwọn olówó Oniru, àwọn oníbàárà rẹ̀ kan sì ti kó lọ sí Àbújá. Bàálù ilé iṣẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì ń wọ̀. Ilé iṣẹ́ bàálù yìí máa ń fún ẹni tó bá ń bá wọn rìn déédéé ní pọ́íǹtì. Tó bá ti pọ̀ tó, èèyàn lè fi gba tíkẹ́ẹ̀tì láìsanwó.

Adébùkọ́lá ti ṣèlérí fún màmá rẹ̀ ní Eleko pé pọ́íǹtì òun ló máa gbé wọn lọ sí Accra, kí wọ́n lè rí ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo tó kù láyé, Ìyá Rọ̀kíbátù. Ara Ìyá Rọ̀kíbátù yìí kò yá. Pọ́íǹtì ti pé. Ọjọ́ ló kù kí wọ́n mú.

2.
Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Adébùkọ́lá wọ bàálù Àbújá, ó ń fa báàgì lọ sẹ́yìn, níbi tí orúnkún èèyàn ti máa ń bá àga ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Ta ló rí lórí àga ńlá níwájú? Rẹ̀míláyọ̀, pẹ̀lú ife omi ọsàn lọ́wọ́. Ẹ̀yìn ló kún, ni wọ́n bá gbé e síwájú lọ́fẹ̀ẹ́. Adébùkọ́lá kò béèrè. Rẹ̀míláyọ̀ fẹ́ kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀, bẹ́líìtì kò jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ máa rọra o, ẹ̀yìn jìn."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ̀yìn jìn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún Adébùkọ́lá láyà títí wọ́n fi balẹ̀. Nígbà tó padà délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀, Babájídé, pé ẹni tó bá òun nílé kò ní jókòó ṣáájú òun mọ́, ìbáà ṣe lójú ọ̀run. Babájídé bi í bóyá iwájú bàálù máa ń dé Àbújá ṣáájú ẹ̀yìn rẹ̀ ni.

3.
Láti ìgbà náà, bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bá ti ra àga ẹ̀yìn fún un, yóò fi pọ́íǹtì tirẹ̀ bọ́ síwájú. Kò mọ ọjọ́ tí Rẹ̀míláyọ̀ máa wọ̀, nítorí náà kò fo ọjọ́ kankan. Á jókòó, á máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́. Rẹ̀míláyọ̀ kò yọjú.

Nígbà tó wá yọjú, ó kí ìyálé rẹ̀ dáadáa, ó kọjá lọ sẹ́yìn, ó sùn. Bí wọ́n ṣe balẹ̀ ló sún mọ́ ọn.

"Ìyálé mi, ṣé ẹ̀yìn ń dùn yín ni?"

"Kí ló dé?"

"Mo rí i pé ẹ fi pọ́íǹtì gba àga ńlá ni. Kí èèyàn tó mu omi ọsàn tán a ti dé. Èmi ń tọ́jú tèmi di àsìkò ọdún, tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n. Àga ẹ̀yìn náà ni màá fi gbà."

"Máa tọ́jú tìẹ. Èmi ò lè jìyà."

Ìmọ̀ràn gidi ni o. Adébùkọ́lá pè é ní yẹ̀yẹ́.

4.
Ọdún Àjíǹde ku díẹ̀ nígbà tí màmá pè láti Eleko pé àìsàn Ìyá Rọ̀kíbátù ti le, ó sì ń béèrè àwọn. Adébùkọ́lá ṣí fóònù. Pọ́íǹtì tó kù kò lè gbé adìyẹ dé Badagry, bẹ́ẹ̀ bàálù kì í lọ Badagry. Tíkẹ́ẹ̀tì Accra ti wọ́n kọjá agbára rẹ̀, owó ilé ìwé àwọn ọmọ sì ti gbá àpò mọ́. Orúnkún màmá kò sì lè gba mọ́tò ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀.

Babájídé ní kó bá Rẹ̀míláyọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó bá mi nílé ni kí n lọ ṣagbe lọ́dọ̀ rẹ̀? Kó lè máa ròyìn mi kiri Oniru?"

"Bùkọ́lá, ọ̀rọ̀ màmá ẹ là ń sọ. A ò sọ ti àga."

Ó kọ̀. Ó pe màmá, ó purọ́ pé bàálù ti kún, ó di ẹ̀yìn ọdún. Màmá gbà á gbọ́. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pè, wọ́n ń béèrè bóyá ẹnì kan ti sọ pé òun ò lọ mọ́, kí àwọn lè gba àga onítọ̀hún.

Ìyá Rọ̀kíbátù kú nínú ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an.

5.
Màmá wà ní pálọ̀ Adébùkọ́lá nígbà tí Rẹ̀míláyọ̀ wọlé wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Ó gbọ́ pé wọn kò tíì rí àga tí wọn yóò fi lọ síbi ìsìnkú. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó fi pọ́íǹtì tirẹ̀ gba tíkẹ́ẹ̀tì.

"Màmá, ẹ ti ní àga. Ẹ̀yìn ni o, ẹ má bínú."

"Báwo lo ṣe rí i? Wọ́n ní ó ti kún."

"Kò kún, màmá. Látọjọ́ yìí ló wà. Mi ò mọ̀ pé ẹ ń wá a ni."

Màmá yíjú sí ọmọ wọn. Ohùn wọn kò lọ sókè rárá.

"Bùkọ́lá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì lè dá mi lóhùn, àga yìí wà?"

Adébùkọ́lá kó ife omi tó wà níwájú màmá, ó gbé e lọ sí kíṣìnì.

Nígbà tí màmá balẹ̀ ní Accra, Rẹ̀míláyọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè pé àwọn ti dé.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní pọ́íǹtì lórí fóònù. Ẹ má fi ra iwájú lórí ìrìn tí kò tó oorun ọ̀sán. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí tíkẹ́ẹ̀tì bá wọ́n, kí ẹ fi gba àga ẹ̀yìn fún ẹni tó ń retí yín. Bí ìyàwó bá sì jókòó ṣáájú yín, ẹ kí i, kí ẹ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí owú ná ohun tí ẹ ti ṣèlérí fún ẹlòmíì.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: òjòwú kò lẹ́ran láyà, ó jẹ owú, jẹ owú, kò yó.