Ilé Tí Kì í Rojọ́ Síta

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ìyá, ọmọbìnrin rẹ̀ fa àga, ó jókòó kojú bàbá rẹ̀ ní pálọ̀, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an.

"Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀," ni bàbá náà wí. "Ó sùn lọ́sàn-án, kò jí. Ikú ìrọ̀rùn ni. Ká ní ó pè mí ni, ilé ì bá ti sọ fún mi."

Oníṣẹ́ iná ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Wáyà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Fúnra rẹ̀ ló so ilé rẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí kò ju ìwé àdúrà lọ, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn abọ́. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń tan iná, òun ló ń fa omi sínú táǹkì, òun ló ń ti ilẹ̀kùn. Kò bá Íńtánẹ́ẹ̀tì da nǹkan pọ̀, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan níbì kan tó mọ̀ pé ó wà. Ohun tí ilé bá rí, inú ilé náà ló ń gbé.

Télọ̀ tó wà ní ilé kejì ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ní tiẹ̀, èyí tó ń gba orí Íńtánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìsopọ̀ ilé iṣẹ́ náà já, ilẹ̀kùn Télọ̀ kọ̀ kò ṣí, ìta ló jókòó sí títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ.

"Télọ̀, wọ́n ní inú àwọsánmà lo kó kọ́kọ́rọ́ rẹ sí," ni Bàbá Wáyà wí láti orí ògiri ọgbà. "Máa wòkè o. Bóyá òjò á gbé e bọ̀."

Ìyàwó Bàbá Wáyà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà yẹn ara rẹ̀ ṣì le.

Nígbà tí àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ìyá lẹ́nu, ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, bàbá so bọ́tìnnì kan mọ́ ọn lọ́rùn. Ó ra fèrè ọkọ̀ àjàgbé lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ọkọ̀ ní gáréèjì ẹ̀yìn ilé, ó kàn án mọ́ ògiri pálọ̀, lókè àga tí òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Tí ìyá bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á mú kí fèrè ké fún odidi ìṣẹ́jú kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò, eruku bọ́ láti àjà, ìyá fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

"Olówó orí mi, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Èyí lè jí òkú," ni bàbá wí, inú rẹ̀ dùn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ìdí tí a fi tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ìyá ṣì ń rìn. Tó bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, yóò wá bá a níbi tó wà, yóò fọwọ́ kàn án léjìká, yóò dúró níwájú rẹ̀ kó tó la ẹnu. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà èwe wọn. Bàbá sọ fún Télọ̀ pé ọjọ́ ogbó gan-an ni ìgbéyàwó ń dùn.

Ilé náà sì ń tòrò sí i. Ẹ̀rọ omi tó ti ń kùn bí ẹlẹ́dẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá ń ṣiṣẹ́ wẹ́rẹ́, bàbá mọ̀ pé gíríìsì tí òun fi sí i ló ṣe é. Àwọn awakọ̀ gáréèjì pàápàá ti kọ́ ìwà, wọn kì í fọn fèrè ọkọ̀ mọ́.

"Mo bẹ̀ yín nígbà náà," ni ọmọ rẹ̀ wí. Ó dìde, ó pa fèrèsé tó kọjú sí gáréèjì dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru mú, ó padà wá jókòó. "Mo ní kí ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì náà so pọ̀ mọ́ fóònù mi. Tí Màmá bá tẹ̀ ẹ́, kí èmi náà gbọ́. Ẹ ní rárá."

"Ilé mi kì í rojọ́ síta."

"Ìgbà mẹ́ta ni mo pè yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Bàbá."

"Fóònù kò dún. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí kẹ́yìn."

Ọmọ náà yíjú sí ògiri, ó kùn nǹkan kan. Ó jọ pé ìlú tó ń gbé ló kọ́ ọ láti máa jẹ ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Nígbà tó tún kojú sí bàbá, ó ní, "Níbo lẹ wà nígbà tí Màmá kú?"

"Ibí yìí. Abẹ́ fèrè gan-an, mò ń jó wáyà pọ̀. Kò pè mí. Gbogbo ohun tí kọ̀ǹpútà bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀, kì í purọ́. Dìde, wá wò ó."

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìka tọ ìlà lójú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà, bọ́tìnnì. Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ, bọ́tìnnì. Ìka rẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn jẹ́ aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọmọ náà kò sunkún. "Ìgbà mọ́kànlá, Bàbá."

Bàbá gbójú sókè wo fèrè. "Fèrè ló kú," ó wí. "Kọ̀ǹpútà ṣe tiẹ̀. Fèrè ló já mi kulẹ̀, èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn mọ́ ògiri."

Ó wá tẹ́sítà tó fi ń mọ̀ bóyá iná wà nínú wáyà. Ó tọ wáyà láti ìdí fèrè títí dé kọ́bọ́ọ̀dù, kò sí ibi tó já. Ó kúnlẹ̀ níbẹ̀, ó fi tẹ́sítà kan ẹnu wáyà.

"Bọ́tìnnì ìyá rẹ dà? Tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí n mọ ohun tó pa á."

Ọmọ náà mú un jáde nínú àpò aṣọ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́.

Iná tẹ́sítà tàn. Bàbá dúró, ó ń retí. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

"Ṣé ìwọ náà rí i?" ó wí. "Iná dé ibẹ̀ o, ṣùgbọ́n fèrè kò ké. Ó ti kú pátápátá."

Nígbà tí kò gbọ́ èsì, ó yíjú padà: bọ́tìnnì ti bọ́ sílẹ̀, eruku ń bọ́ láti àjà sórí irun ọmọ rẹ̀, ọmọ náà sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí.