Ẹ́ńjìnnì Tí Kì Í Mu Ọ́ìlì

"Alága, ẹ fi fìlà yín bo ẹnu sàlẹ́ńsà yẹn," ni ọ̀jọ̀gbọ́n wí nínú yàrá ìwádìí rẹ̀ l'Ógbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹ́ńjìnnì dísù rẹ̀ ti ń kùn yunmuyunmu.

Alága àwọn onímọ́tò láti Ọ̀yọ́ fi fìlà funfun rẹ̀ bò ó. Fìlà ò ní àbàwọ́n kankan.

"Kò mà rú èéfín. Ọ́ìlì wo lẹ fi sí i?"

"Ọ́ìlì kẹ̀? Mo po lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù mọ́ irin. Fúnra rẹ̀ ló ń yọ̀ bí ilá. Òyìnbó gan-an ò tíì débẹ̀."

"Láyé SAP tí ọ́ìlì wọ́n bí ojú yìí, gbogbo ẹgbẹ́ wa ló máa rà á."

Ibi tó ti ń bọ ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́ ni wọ́n ti mú iná lọ. Fáànù òkè dúró. Ẹ́ńjìnnì dísù náà dúró.

Alága rọra dé fìlà rẹ̀ padà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé wáyà iná tó ń yí i á gùn dé Ọ̀yọ́?"