Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lórí Afárá

"Lásísì, ibì kan ṣoṣo ló ti máa ń kú," ni Alàgbà Ṣódípẹ̀ wí. "Orí afárá ẹ̀yìn ìlú ni, bílẹ̀ bá ti ṣú. Bó bá tún kú mọ́ mi lọ́wọ́, mẹkáníìkì mìíràn ni màá gbé e fún."

Àìsàn ọkọ̀ tí kò bá yọjú, mẹkáníìkì kì í rí i wò. Nítorí náà, Lásísì dá wa ọkọ̀ eré àtijọ́ náà, oníjòkòó méjì, lọ síbẹ̀ ní alẹ́. Láàárín afárá, ẹ́ńjìnnì gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ó kú.

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Epo ń dé. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ tó ń ké lábẹ́ afárá panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àfi bó ṣe rí wáyà kan tó tú. Ó kì í bọlé, ó sì pariwo bó ṣe máa ń ṣe sọ́mọ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù:

"Sítáàtì ẹ̀!"

Ẹ́ńjìnnì ta jí.

"Ó ti jẹ́! Tẹná díẹ̀!"

Ẹni náà tẹná díẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Lásísì rántí pé òun nìkan lòun wá. Ó fọwọ́ kan àpò. Kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀.

Ohùn kan dún pẹ̀lẹ́ lẹ́yìn bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ọ̀gá, ẹ wọlé, ká máa lọ."