Ọkọ̀ Télọ̀ Kò Gbọdọ̀ Ké Mọ́

Ohun tó ń ba Télọ̀ lọ́kàn jẹ́ kò ju ẹyọ kan lọ: ọkọ̀ rẹ̀ ń ké. Kì í sì í ṣe igbe kékeré. Bí èèyàn bá ti fìdí kan ìjókòó iwájú báyìí, abẹ́ ọkọ̀ á dáhùn, "kíì-ìn, gbàù," bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án. Gbogbo ilé á gbọ́.

Bí gbogbo ilé bá sì ti gbọ́, ó parí nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀ á ti wẹ̀, á ti lé tìróò, á ti wọ aṣọ tó dáa. Àwọn méjèèjì á yọ́ jáde nírọ̀lẹ́ pé káwọn lọ gbafẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ á ké. Kí Télọ̀ tó pa ilẹ̀kùn dé, àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á ti ya jáde bí omi, wọ́n á kún ẹ̀yìn ọkọ̀ fọ́fọ́. Lẹ́yìn wọn ni ìyá ìyàwó, tó wá kí wọn fún ọ̀sẹ̀ kan ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, á yọ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè lórí.

"Ọkọ ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n jókòó níwájú o. Mo fẹ́ràn kí n máa wo ìta."

Ìyàwó á bọ́ sẹ́yìn, á gbé àbíkẹ́yìn lé itan. Ìgbafẹ́ ti di ti gbogbo ẹbí.

"Bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí ariwo yìí," ni ìyàwó wí lọ́jọ́ kan, "èmi ò bá yín jáde mọ́."

Télọ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ó lọ bá Mẹkáníìkì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ó ro ẹjọ́ fún un. Mẹkáníìkì gbọ́ ọ délẹ̀.

"Ṣọ́ọ̀kì iwájú ló ti kú," ó ní. "Àmọ́ ṣé ó dá ẹ lójú pé ṣọ́ọ̀kì lo fẹ́ ṣe?"

"Òun ni mo fẹ́ ṣe."

"Ṣọ́ọ̀kì nìkan?"

"Ọ̀rẹ́ mi, ṣé mẹkáníìkì ni ẹ́ ni àbí lọ́yà?"

Mẹkáníìkì ò bèèrè mọ́. Lọ́jọ́ tí ìyá ìyàwó kó àwọn ọmọ lọ kí àbúrò rẹ̀, ó kó irinṣẹ́ wá sílé Télọ̀. Ó gbé jáàkì sábẹ́ imú ọkọ̀, ó tú táyà, ó tú bóòtù tó de ẹsẹ̀ ṣọ́ọ̀kì mọ́ ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó tú àwọn nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ òkè.

"Ibí yìí máa ń ha èèyàn lápá nínú ọkọ̀ ẹlòmíì," ó ní. "Tìẹ yìí, ọwọ́ mi ráyè gan-an."

"A dúpẹ́," ni Télọ̀ wí.

Ó fa ṣọ́ọ̀kì jáde pẹ̀lú sípíríǹgì tó yí i ká. Ó fi irin oníkọ̀ọ́ méjì gbá sípíríǹgì mú, ó ń fún un títí ó fi ká kò.

"Sún sẹ́yìn. Tí eléyìí bá já, á gba eyín lẹ́nu ẹ láìtọrọ àyè."

Télọ̀ sún débi pé ó kù díẹ̀ kó bọ́ sí ilé aládùúgbò. Mẹkáníìkì yọ ṣọ́ọ̀kì àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó wọlé, kò sì padà jáde. Òróró inú ẹ̀ ti jò tán. Ó tẹ tuntun. Ìyẹn dìde díẹ̀díẹ̀, bí ìyá àgbà tó ń kúrò lórí àga. Ó ki tuntun náà bọ inú sípíríǹgì, ó wò ó pé ẹnu sípíríǹgì jókòó síbi tó yẹ, ó dè é le, ó wá ń tú irin oníkọ̀ọ́ sílẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bẹ́ẹ̀. Nígbà tó sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ó fi gbogbo ara tẹ imú rẹ̀. Imú lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó dákẹ́.

"Kò ní ké mọ́," ó ní. Ó nu ọwọ́, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ń wo tẹlifíṣọ̀n, ilẹ̀kùn yàrá ìyá ìyàwó sì wà ní pípadé. Tọkọtaya yọ́ jáde bí olè. Télọ̀ kọ́kọ́ wọlé. Kẹ́kẹ́ pa. Ìyàwó wọlé. Atótó. Wọ́n di èémí mú, wọ́n ń retí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ. Ẹnì kankan ò yọjú.

Ìyàwó fọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀.

"Níbo la ń lọ?" ni Télọ̀ bi í.

"Etí òkun."

"Ó jìn o."

"Ta ló ń lé wa?"

Ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀. Ó sọ gbogbo ohun tí kò ráyè sọ fún un láti ìgbà tí ilé ti kún. Wọ́n jiyàn lórí àwọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì tí Télọ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kí i. Ìyàwó ní ewé ni, Télọ̀ ní òféfèé ni. Télọ̀ rọra ń yí sitiárìn, kí orí ìyàwó má baà yọ̀ léjìká òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

"Ẹ rọra máa sáré," ni ohùn kan wí lẹ́yìn wọn.

Àwọn méjèèjì yíjú. Ìyá ìyàwó dìde jókòó lórí ìjókòó ẹ̀yìn níbi tó ti dùbúlẹ̀, ó ń tún gèlè rẹ̀ ṣe.

"Mo ti wọlé tipẹ́," ó ní. "Ọkọ̀ yìí ò kúkú ké mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúró, èébì ti ń gbé mi."

Télọ̀ tẹ bíréèkì, ó rọra yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó sì bọ́ sílẹ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún ìyá ìyàwó rẹ̀, lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná wọn, níbi tí ọkọ̀ náà ò tíì kúrò láti ọjọ́ tí wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tà, tí wọ́n fi owó rẹ̀ ra maṣíìnì ìránṣọ.